Màmá Mi Kọ́ Ló Pẹ́

Injinníà tó ń gba orin sílẹ̀ ni mo ń pe ara mi nígbà yẹn, ẹ bá mi rẹ́rìn-ín. Ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mo ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan, mo gbé e sí yàrá mi ní Ladi-Lak, mo fi fóòmù bo ògiri, mo wá ń yan káàkiri Bàrígà bí ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ rédíò. Ọ̀dẹ̀ paraku!

Màmá mi ló ń dá orin ní àsàlátù wọn ní Fọlá Agoro. Gẹ̀gẹ̀ yọ sí i lọ́rùn. Dókítà ní àwọn máa gé e kúrò, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ lè má padà sí bó ṣe wà. Ó wá bá mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"Ọkọ mi, bá mi gba ohùn mi sílẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án."

Mo fi hẹ́dífóònù bò ó létí, mo tan ìlù inú kọ̀ǹpútà. Ó ń kọrin, àmọ́ ìgbà tó bá ti pa ẹnu dé ni ohùn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé etí rẹ̀. Ló bá ń dúró de ara rẹ̀, orin wá ń wọ́.

"Màmá, ẹ ń pẹ́ o."

Ó tún un kọ.

"Ẹ tún pẹ́! Ẹ máa ṣáájú ìlù díẹ̀."

Èmi tí n kò lè dá orin láàárín èèyàn mẹ́ta, èmi ni mò ń kọ́ obìnrin tó ti ń dá orin kí wọ́n tó bí mi. Ìranù gbáà! Ó sì gbà mí gbọ́, torí ó ní kọ̀ǹpútà kì í parọ́. Ó sáré, ó ṣìṣe, ó bẹ̀ mí.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Màmá mi yè, alhamdulilahi. Ohùn rẹ̀ ò padà.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni mo tó rí i pé nọ́ńbà kan wà nínú kọ̀ǹpútà ọ̀hún, òun ló ń sọ bí ohùn tí ẹ̀rọ máa kó jọ ṣe máa pọ̀ tó kó tó dá a padà sí etí olórin. Èmi náà ni mo gbé e dé òkè pátápátá, mo rò pé bó bá ṣe tóbi tó ló máa dáa tó. Orí ńlá tí kò sí nǹkan nínú ẹ̀! Mo fà á wálẹ̀, mo sọ̀rọ̀, ohùn mi àti ẹnu mi dọ́gba. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Mo ṣì ní ohun tí mo gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ibì kan ṣoṣo ni ohùn màmá mi ti gún régé nínú rẹ̀, níbi tí mo ti pa ìlù, tó ti bọ́ hẹ́dífóònù kúrò létí, tó ń bẹ̀ mí: "Má bínú, ọkọ mi, mo tún ti pẹ́."