Irọ́ Tí Mo Pa Lórí Àga Oníṣègùn Eyín

Ọmọ wa kẹta ò tíì pé ọdún kan nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí lo oògùn ìfètòsọ́mọbíbí, hóró kan lójoojúmọ́. Ọkọ mi ò mọ̀. Obìnrin ni àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọkùnrin ló sì ń retí. Ní tèmi, ó ti rẹ̀ mí.

Ọdún yẹn náà ni eyín tó hù kẹ́yìn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi òsì, èyí tí wọ́n ń pè ní eyín ọgbọ́n, bẹ̀rẹ̀ sí dà mí láàmú. Ó hù dáàbú, ó ń ti èyí tó wà níwájú rẹ̀. Àkúrẹ́ là ń gbé, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi ní òun mọ oníṣègùn eyín kan lọ́dọ̀ àwọn ní Oǹdó. Òun fúnra rẹ̀ ló mú mi lọ, ó sì jókòó tì mí.

"Ṣé ẹ̀ ń lo oògùn kankan?" ni dókítà bi mí.

"Rárá, sà."

"Ti ìfètòsọ́mọbíbí ńkọ́?"

Ìyá ló dá a lóhùn. "Ọkùnrin là ń wá, dókítà."

Mo la ẹnu fún dókítà. Wọ́n yọ eyín náà, èmi àti ọmọ wa kẹta sì sùn sọ́dọ̀ ìyá. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ rọrùn. Lọ́jọ́ kẹta, ìrora gbá mi láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọnú etí. Mo ti rọbí lẹ́ẹ̀mẹta; ìrọbí a máa dáwọ́ dúró kéèyàn mí, èyí ò dáwọ́ dúró. Ẹnu mi ń rùn débi pé mo ń fọwọ́ bò ó tí ọmọ mi bá sún mọ́ mi. Ìyá ń po ògì fún mi, ó ń fi omi gbígbóná jó ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Bó ṣe ń tọ́jú mi tó ni ojú ń tì mí tó.

Nígbà tá a padà lọ, dókítà ní ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó dì bo ojú ihò náà ò dúró, egungun ti hàn síta. Ó ní kí ìyá lọ dúró níta, ó wá tún ìbéèrè rẹ̀ bi mí. Mo jẹ́wọ́. Ó ní oògùn náà lè wà lára ohun tó fà á, ká ní òun mọ̀ ni, òun ìbá ti pè mí padà kíákíá. Ó fọ ihò náà, ó fi òwú olóògùn tó ń ta sánsán bíi kànáfùrù dí i.

Ilẹ̀kùn yẹn ò sé dáadáa. Nígbà tí mo jáde, ìyá ò wojú mi.

"Láti ìgbà wo?" ó bi mí.

"Oṣù mẹ́jọ, mà."

Kí n tó dé Àkúrẹ́, ọkọ mi ti gbọ́. Kò nà mí, kò pariwo. Ó kàn gbé ìrọ̀rí rẹ̀ lọ sí pálọ̀, ibẹ̀ ló sì ń sùn títí ẹnu mi fi jinná, àti lẹ́yìn ìgbà náà.

Lọ́dún kejì, obìnrin mìíràn bí ọkùnrin fún un ní Oǹdó. Ìyá ló pè mí lórí fóònù.

"Mo fẹ́ kó o gbọ́ ọ lẹ́nu mi ni," ó ní.

"Ẹ kú ewu ọmọ, mà," ni mo wí.