Sọ́séèjì Inú Agolo

Aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Àwa mẹ́ta la wà nínú yàrá mi ní Lafiaji: èmi, ọmọbìnrin mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, àti ìyá ìyàwó mi. Ìyàwó mi ti kú láti oṣù mẹ́rin. Ìyá rẹ̀ wá láti Ìsàlẹ̀ Èkó kí wọ́n lè fojú ara wọn rí i bóyá mo lè dá tọ́jú ọmọ. Bí n kò bá lè ṣe é, wọn yóò mú un lọ.

Aránṣọ ni mí. Mo ti pẹ́ jù ní Ọjà Balógun lọ́jọ́ náà, ni mo bá ní kí n se makaróní. Ní Apọ́ngbọ̀n ni mo ti ra sọ́séèjì inú agolo. Mo ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti lé lógójì ọdún kí n tó lọ sílé ẹ̀kọ́ àgbà, mi ò sì tíì yára kàwé.

Mo gé sọ́séèjì náà wẹ́wẹ́, mo dín in pẹ̀lú àlùbọ́sà àti ata, mo da makaróní tí mo ti sẹ́ omi rẹ̀ kúrò lé e lórí, mo wá rẹ́ tẹ̀tẹ̀ sí i. Sítóòfù ń rú èéfín. Ojú ń ta mí.

"Ọkọ ọmọ mi," ìyá wí bí wọ́n ti rí abọ́ wọn, "ṣé ekòló lẹ sè fún mi ni? Ẹ̀yin òyìnbó Lafiaji yìí!"

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ìyá tọ́ oúnjẹ náà wò, wọ́n tún bù sí i.

"Ó mà dùn. Ẹran kí lèyí?"

"Màlúù ni, Ìyá."

Mùsùlùmí ni wọ́n, ọmọ wọn náà kírun títí tó fi kú. Mi ò lè mọ̀ọ́mọ̀ fún wọn ní èèwọ̀. Píìgì ni tíṣà kọ́ wa pé ẹlẹ́dẹ̀ ń jẹ́ lédè òyìnbó, mi ò sì rí píìgì lára agolo yẹn. Ọmọ mi gbé e, ó kà á sókè bí ẹni tó wà ní kíláàsì, ó wá kọjú sí mi.

"Bàbá, pọ́ọ̀kì ni wọ́n kọ síbí. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni."

"Láílà!"

Ìyá tu ti ẹnu wọn sọ́wọ́, wọ́n jáde lọ sẹ́yìnkùlé. Mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi omi fọ ẹnu, tí wọn ò dáwọ́ dúró. Nígbà tí wọ́n padà wọlé, mo dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ dìde. Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀ọ́mọ̀. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Kí lẹ tún ti ń fún un jẹ tí ẹ ò mọ̀?"

Ọmọ mi ń wò mí, ó ń retí kí n sọ̀rọ̀. Mo mú agolo náà, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo kó aṣọ ọmọ mi sínú àpótí, mo gbé e rù, mo sì mú ọmọ náà lọ bá ìyá ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kó máa gbé lọ́dọ̀ wọn.