Ọjọ́ Tí Mo Borí Ràsákì Ní Ẹ̀pẹ́

Ẹ bá mi kí àwọn baálé ilé èsìtéètì wa ní Ìkòròdú, akọni tí kò rójú ogun rí. Ìdájí ni wọ́n ń jáde lọ síṣẹ́ ní Èkó. Tí wọ́n bá fi máa dé, ẹ̀yìn ń ro wọ́n, ẹsẹ̀ ti wú. Ṣùgbọ́n kí ọmọ wọn ṣáà gbé géèmù jáde, kíá lẹ ó gbọ́ pé kò sẹ́ni tó lè na bàbá yìí láyé ọjọ́sí. Gbogbo wọn ni ọ̀gá. N kò tíì pàdé ẹyọ ẹnì kan tí wọ́n nà.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, fóònù ọmọ mi ké bí ẹ̀fọn tó gbé ẹ́ńjìnnì mì, mo sì dá ohùn náà mọ̀. Géèmù ìgbà èwe wa ni. Eré ìje ọkọ̀ ni, ọkọ̀ tí kò ní táyà, tó ń fò, tó sì ń yìnbọn lu èyí tó wà níwájú rẹ̀. Wọ́n ní ayé ọjọ́ iwájú nìyẹn, àmọ́ ọjọ́ iwájú bí àwọn àgbà àtijọ́ ṣe rò ó ni: ọkọ̀ gígùn gbọọrọ bíi ti olóṣèlú ayé àná, ìlú onídígí tí iná kì í kú. Inú ṣọ́ọ̀bù onípáànù kan lọ́nà Ìpakodò la ti ń wò ó, jẹnẹrétọ̀ ń tú èéfín sí wa nímú. Ó dá wa lójú pé tí a bá dàgbà, fífò la ó máa fò lọ sí Èkó.

Ràsákì, ọmọ Ẹ̀pẹ́ tó ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ nínú àgbàlá wa, ni ọ̀gá ibẹ̀. Kì í pariwo. Á jókòó sórí kéèsì mínírà, á jẹ́ ká sá lọ síwájú. Tó bá ku kọ́nà kan, á yìnbọn ẹyọ kan péré. Ó parí. Èmi ò nà án rí.

Òfin kan wà níbẹ̀: ẹni tí wọ́n bá nà gbọ́dọ̀ bú páàdì tó fi ń darí ọkọ̀. Gbogbo wa là ń sọ pé páàdì ò gbọ́, kò sì sẹ́ni tó ń gbà á gbọ́. Nítorí náà, nígbà tí Ràsákì bẹ̀rẹ̀ sí í kọlu ògiri, tó ní, "Páàdì ò gbọ́ o," inú wa dùn.

"Ọ̀gá ti di akúrẹtẹ̀!"

"Àbí páàdì ẹ ń gbààwẹ̀ ni?"

A fún un ní òmíràn. Ìyẹn náà jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A rẹ́rìn-ín títí ṣíbí ìjẹun pàápàá fi ń jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí ìyá rẹ̀ wá láti Ẹ̀pẹ́ mú un lọ sílé.

Nígbà Iléyá, mo tẹ̀ lé àbúrò ìyá rẹ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ìyá Ràsákì, tó ń ta ẹja yíyan ní Ọjà Olúwo, ti ra géèmù náà, torí dókítà ní kí ọmọ náà máa lo ìka rẹ̀. Ó gbé páàdì lé e lọ́wọ́, ó fi ọwọ́ tirẹ̀ di ìka rẹ̀ mú, bí àfáà tó ń kọ́ ọmọ bí a ṣe ń di kálámù mú.

"Tẹ̀ ẹ́, ọkọ mi."

"Mo ń tẹ̀ ẹ́, Màámi."

Ìka ò mira. Ọkọ̀ rẹ̀ dúró sójú kan níbi tí ìje ti bẹ̀rẹ̀. Mo dúró dè é.

Ràsákì ní, "Kí lò ń wò? Máa lọ jàre!"

Mo lọ. Mo yí ìlú dígí náà po, mo tún bá a níbẹ̀.

"Yìnbọn! Ṣé o rò pé èmi máa dá ẹ sí ni?"

Mo yìnbọn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "O ti dọ̀gá." Ìyá rẹ̀ kò wo tẹlifíṣàn. Ó ṣì ń fọwọ́ pa ìka ọmọ rẹ̀.

Kí Iléyá mìíràn tó dé, wọ́n ránṣẹ́ sí wa. Kí a tó dé Ẹ̀pẹ́, wọ́n ti sin ín.

Ṣọ́ọ̀bù onípáànù ti di ilé oúnjẹ, ọkọ̀ kankan kò sì tíì fò ní Ìkòròdú. Àwọn ọmọ ṣì ń pàdánù, wọ́n ṣì ń wí àwáwí, àwa òbí ṣì ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, ọmọ mi gbójú sókè, ó ní, "Dádì, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n ta?" Mo sọ fún un pé ọmọ Ẹ̀pẹ́ kan wà tí apá ẹnikẹ́ni kò ká, pé èmi lọ bá a nílé, mo sì nà án lójú ìyá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Èmi náà sọ ọ́.