Bọ́ńpà Tí Èmi àti Ìyálé Mi Jọ Dè

Ìyálé mi ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí. N kò ní í dárúkọ rẹ̀, nítorí àwọn ọmọ rẹ̀ lè ka ìwé yìí, wọn kò sì ṣe mí ní nǹkan kan. Kì í ṣe pé a jọ fẹ́ ọkọ kan. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi ni. Èmi ni mo fẹ́ ẹ̀gbọ́n, òun ló fẹ́ àbúrò, mo sì jù ú lọ́jọ́ orí dáadáa. Ṣùgbọ́n nínú agbo ilé àwọn ará Ìlọrin tí wọ́n gbé wa wá ní Nassarawa, ní Minna yìí, ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé ni ìyálé, ẹni tó bá tẹ̀ lé e ni ìyàwó. Ọjọ́ orí kò sí níbẹ̀. Tèmi ni wọ́n kọ́kọ́ dájọ́ fún. Ìdánwò àṣekágbá mi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ló bọ́ sí ọ̀sẹ̀ náà, bàbá mi sì ní kí wọ́n sún un síwájú. Wọ́n ti ra màlúù sílẹ̀. Kí màlúù má baà máa so mọ́lẹ̀ lásán, wọ́n fi ṣe ìgbéyàwó tirẹ̀. Bí ìwé kíkà ṣe sọ mí di ìyàwó fún ọmọdé nìyẹn, tí mo sì ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀.

Lójú rẹ̀, “ẹ” ni mo ń lò fún un, òun a máa fi “ìwọ” dá mi lóhùn. Lẹ́yìn rẹ̀ pàápàá, “wọ́n” ni mo ń pè é. Nínú ìwé tèmi yìí, “ó” ni. Ẹ má bá mi wí.

Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ bá a yan odì kì í ṣe ti ìkúnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ irin ni.

Nígbà tí ìjọba fi mí ṣe alábòójútó ẹ̀kọ́ àgbà fún àwọn obìnrin abúlé, ọkọ mi ra alùpùpù fún mi. Ó ní òun kò fẹ́ kí n máa fara rọ ẹ̀yìn àwọn ọlọ́kadà káàkiri igbó. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ jórinjórin, ó ní kí ó bá òun ṣe bọ́ńpà sí i. Bọ́ńpà ni irin tó yọ sọ́tùn-ún àti sósì níwájú ẹ́ńjìnnì, tó jẹ́ pé bí alùpùpù bá ṣubú, òun ni yóò kọ́kọ́ kan ilẹ̀, ẹ́ńjìnnì kò sì ní í jókòó lé èèyàn lẹ́sẹ̀. Ìyá ọkọ mi sọ pé ohun ìtìjú ni kí obìnrin gun alùpùpù, síbẹ̀ ẹ̀yìn mi ló ń jókòó sí tó bá fẹ́ lọ sọ́jà. Ìyálé mi kò gun alùpùpù náà rí. Bọ́ńpà ló fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́.

“Màlúù wa ti ń lọ síbi iṣẹ́,” báyìí ló máa ń wí fún gbogbo ilé. “Ẹ wo ìwo rẹ̀.”

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi náà á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á wá wo ilẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo jáde, n kò rí bọ́ńpà mọ́. Alùpùpù dúró sí àyè rẹ̀. Ẹni tó tú irin náà kì í ṣe olè, nítorí ó dá gbogbo nǹkan yòókù padà síbi tó yẹ, ó sì dè wọ́n le. Mo wo ọ̀ọ́kán, mo rí ìyálé mi nídìí kànga, tó ń fi iyanrìn fọ ọwọ́. Ẹni tó bá fọwọ́ kan gíríìsì ló ń fi iyanrìn fọ ọwọ́. Ó rí mi, ó gbójú kúrò.

N kò bi í. Àwọn ọmọ mi, tí wọ́n gbọ́ Hausa ju Yorùbá lọ, kò lóye èyí títí di òní. Wọ́n ní, “Mama, why you no ask am?” Irú ẹnu wo ni ìyàwó yóò fi bi ìyálé pé ṣé ìyálé ló tú nǹkan òun? Kí ìbéèrè náà tó jáde tán ni gbogbo ilé á ti ní kí n dọ̀bálẹ̀ bẹ̀bẹ̀ bí ọkùnrin. Mo wọlé lọ sọ fún ọkọ mi. Ó ń wọ bàtà lọ́wọ́. Kò bá mi jáde lọ wò ó.

“Fi í sílẹ̀,” ó wí. “Má bá wọn jà. Máa rọra gùn ún.”

Mo rò pé àlàáfíà ilé ló ń wá. Mo gbé alùpùpù mi, mo lọ.

Kò pẹ́ rárá tí ewúrẹ́ fi já lu ọ̀nà níwájú mi ní ẹ̀gbẹ́ abúlé kan. Mo ṣubú sápá òsì, ẹ́ńjìnnì gbígbóná náà sì jókòó lé ẹsẹ̀ mi títí àwọn àgbẹ̀ fi wá gbé e kúrò. Ẹsẹ̀ náà ṣẹ́, dókítà sì fi irin sí eegun rẹ̀. Kí n tó kúrò ní ọsibítù, ọkọ mi ti ta alùpùpù, iléeṣẹ́ sì ti fi ọkùnrin kan rọ́pò mi lójú ọ̀nà, wọ́n fún mi ní tábìlì àti àga tí mo jókòó sí títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ ojú ọ̀nà yẹn ju ohun gbogbo tí mo ṣe láyé lọ. Àwọn obìnrin tó dàgbà ju ìyá mi lọ ń kọ orúkọ ara wọn sílẹ̀ níṣojú mi. Ọkọ mi jókòó ti bẹ́ẹ̀dì mi, ó ń sunkún ju èmi tí ẹsẹ̀ mi ṣẹ́ lọ. Ìyálé mi gbé ọbẹ̀ wá. Mo da ọbẹ̀ náà nù nígbà tó lọ.

Ọkọ mi ti kú, àbúrò rẹ̀ náà ti kú, agbo ilé Nassarawa ti tú ká. Mo ń gbé ní Tunga Low Cost, òun ń gbé ní Maitumbi. Ọdún Iléyá nìkan la fi ń ríra. Ìdí nìyẹn tí ẹnu fi yà mí ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan lọ́dún yìí, nígbà tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta dúró sẹ́nu géètì mi, tí ìyálé mi sọ̀ kalẹ̀ tòun ti àpò ìrẹsì tí irin yọ orí lẹ́nu rẹ̀. Ọkùnrin aládùúgbò rẹ̀ kan ló gun alùpùpù tẹ̀ lé e. Ó gbé alùpùpù náà dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, ó sì sáré lọ kírun.

“Sannu, ìyàwó,” ìyálé mi fi Hausa kí mi. “Bá mi de nǹkan yìí.”

Mo tẹríba díẹ̀, torí ẹsẹ̀ mi kò jẹ́ kí n kúnlẹ̀ mọ́. N kò lóye. Mo wo alùpùpù, mo wo àpò.

“Ìyálé, ta ló ni ín?”

“Ọmọbìnrin mi ni. Agbẹ̀bí.”

Mo mọ ọmọ náà. Ìletò kan lẹ́yìn Maitumbi ló ti ń gbẹ̀bí, ojoojúmọ́ ló ń gun alùpùpù lọ. Ó ti lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Ìlọrin, kò ní í dé títí di ọjọ́ kejì.

“Ó ṣubú lọ́sẹ̀ tó kọjá,” ìyálé mi wí. “Kò sọ fún mi. Ìgbà tí mo ń fọ ṣòkòtò rẹ̀ ni mo rí ẹ̀jẹ̀. Mo ní kó lọ de bọ́ńpà, ó ní òun kì í ṣe ọlọ́kadà, pé irin yẹn ń bu ẹwà alùpùpù òun kù.”

“Mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí.”

“Bóyá o gbọ́ ọ.” Ó jókòó láìjẹ́ pé mo ní kó jókòó. “Mẹkáníìkì ní òun ò ní í fọwọ́ kan nǹkan onínǹkan, pé ọmọ náà ti kìlọ̀ fóun. Ni mo bá ní, ṣebí ìyàwó mi mọ alùpùpù.”

“Èmi náà lè ní n ò ṣe, Ìyálé.”

“Haba. O ò lè ní o ò ṣe. Èmi mà ni mo wí.”

Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. N kò mọ̀ bóyá ẹ̀bẹ̀ ni àbí ìfínràn. Mo lọ wá sípánà.

Mo jókòó lórí àpótí, mo na ẹsẹ̀ òsì mi síwájú, òun bẹ̀rẹ̀ mọ́ apá kejì. Bọ́ńpà àlòkù ni, wọ́n kùn ún ní dúdú, kò sí ìwé kankan tó fi hàn bí wọ́n ṣe ń dè é. Èmi tí mo kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìwé, mo yí irin náà sókè sódò, n kò mọ orí rẹ̀ yàtọ̀ sí ìdí. Ọ̀nà méjèèjì ló dà bíi pé ó wọ̀. A dì í mú, mo ní kó yí ọwọ́ alùpùpù sọ́tùn-ún, táyà iwájú sì kọ lu irin.

“O dorí rẹ̀ kodò,” ó wí.

“Mo rí i, Ìyálé.”

“Ìwọ tí wọ́n tìtorí ìdánwò rẹ sún ìgbéyàwó.”

A yí i. Táyà ń yí láìkan nǹkan kan báyìí. Mo fi rọ́bà inú táyà wé férémù kí irin má baà yọ̀, mo fi ìdè tòkè dè é, mo sì fún un le. Ìgbà yẹn ni ihò ìsàlẹ̀ kọ̀, kò bá ihò ara ẹ́ńjìnnì ṣe déédéé mọ́. Mo fà á, mo tì í, mo fi òkúta gbá a. Mo wo ihò títí ojú mi fi ń ṣe bàìbàì. N kò tiẹ̀ mọ ìdí tí mo fi ń làágùn lórí ẹsẹ̀ ọmọ ẹni tó ba ẹsẹ̀ tèmi jẹ́.

“Tú tòkè,” ìyálé mi wí. “Má dè é tán. Jẹ́ kí gbogbo wọn máa mì ná títí wọ́n á fi ríra, kó o tó máa fún wọn díẹ̀díẹ̀.”

Mo tú u. Kí n tó na ọwọ́ sí bóòtù tó gbé ẹ́ńjìnnì dúró, ó ti dìde, ó ti gbé búlọ́ọ̀kù àti igi wá, ó fi wọ́n ti abẹ́ ẹ́ńjìnnì kó má baà wálẹ̀. Mo yọ bóòtù náà. Ó fi bóòtù gígùn tó bá bọ́ńpà wá rọ́pò rẹ̀, ó yí i dáadáa. Ó wá mú èyí tí mo yọ, ó nù ún mọ́ ìró rẹ̀.

“Kúkúrú yìí, tọ́jú rẹ̀,” ó wí. “Láìsí i, bọ́ńpà ò ṣeé tú. Gígùn á máa mì nínú ihò bí irin bọ́ńpà ò bá sí níbẹ̀ mọ́.”

Ọwọ́ mi dúró. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo mọ̀ pé òun ló tú bọ́ńpà mi. Ọwọ́ tó fi iyanrìn fọ̀ ni ẹ̀rí mi, ó sì tó mi. Nísinsìnyí ẹ̀rí tún pọ̀ sí i, torí obìnrin tí kò tú u rí kò lè mọ ohun tó sọ yẹn. Ó yẹ kí inú mi balẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rántí alùpùpù mi ní àárọ̀ ọjọ́ náà: bóòtù kúkúrú ló wà nínú ihò ẹ́ńjìnnì, ó wà níbẹ̀ gbọin. Èmi ni mo sì mọ ibi tí bóòtù kúkúrú náà ń gbé láti ọjọ́ tí jórinjórin ti yọ ọ́. Inú àpótí onírin ọkọ mi ni, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lára ìgbànú ṣòkòtò rẹ̀.

Báwo ni n kò ṣe ro ìyẹn rí? Bóyá mo rò ó, tí mo sì gbójú kúrò. N kò mọ̀. Mo fún bóòtù tó kù. Mo ní kó jókòó sórí alùpùpù kí a wò ó bóyá irin kò ní í kan táyà bí ẹrù bá wà lórí rẹ̀, ó sì gun orí rẹ̀ tìró-tìró, ó ya ẹsẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, ẹni tó ń pè mí ní màlúù. Ó tẹ jíà, ó tẹ bíréèkì. Kò sí ohun tó kọ lu ohun kan.

“Ó dúró,” ó wí. “Ọlọ́run á bá wa ṣọ́ ọ.”

“Àmín, Ìyálé. Ṣé ẹ̀yin lẹ tú tèmi?”

Mo ti bi í. Ilé kò wó. Ó jókòó lórí alùpùpù ọmọ rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú bí ẹni tó fẹ́ gbéra.

“Èmi ni,” ó wí.

“Níbo lẹ ti rí bóòtù kúkúrú?”

Ó dá mi lóhùn. Láti ọjọ́ náà, mo ti tún ìdáhùn yẹn gbọ́ nínú orí mi nígbà tí mo ń dáná àti nígbà tí mo ń kírun. Nígbà mìíràn mo ní irọ́ ni, pé òkú ló rí gbé ẹ̀bi lé lórí. Nígbà mìíràn mo máa ń rí ọkọ mi tó ń wọ bàtà, tí kò bá mi jáde lọ wò ó. Nígbà tí mo kọ ìlà àkọ́kọ́ ìwé yìí, ó dá mi lójú pé ìyálé mi ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí. Mo ti fẹ́ pa ìlà náà rẹ́, mo tún fi í sílẹ̀. N kò mọ orúkọ tí màá kọ dípò rẹ̀.

Kò wojú mi. Iwájú ló ń wò, síbi géètì.

“Ọkọ rẹ ló fi lé mi lọ́wọ́, ìyàwó. Ó ní àwọn ọ̀rẹ́ òun ń fi òun rẹ́rìn-ín nítorí bọ́ńpà náà. Ó ní bí òun fúnra òun bá tú u, wàá bi òun nídìí, òun ò sì ní í mọ ohun tí òun máa sọ. Ó ní èmi nìkan lo ò lè bi.”