Fọ́tò Bàálù Orí Ògiri Ìyá Òyìnbó

"Má wẹ̀yìn," ni Màmá wí fún mi lórí àtẹ̀gùn, wọ́n fi ọwọ́ òsì tẹ ìró wọn mọ́kùn bí ẹni tí inú ń run. Nǹkan kan wà lábẹ́ ìró náà, igun rẹ̀ ń yọ. Ìgbà tá a wọlé tiwa lókè, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n yọ ọ́: fọ́tò ìyá òyìnbó tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa ni, tòun ti férémù àti díńgí rẹ̀. Wọ́n ti mú un nígbà tó lọ kó ife sí kíṣìnnì. Ìyá tó bí bàbá mi jí fọ́tò! Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Ẹ̀rù bà mí, inú mi sì dùn díẹ̀, kí n má purọ́.

Peckham là ń gbé. Torí iṣẹ́ àwọn òbí mi ni Màmá ṣe wá láti Abẹ́òkúta, kí wọ́n lè máa tọ́jú mi. Tí mo bá ti ilé ìwé dé, àwa méjèèjì á sọ̀ kalẹ̀ lọ kí ìyá òyìnbó. Màmá á gbé mọ́ínmọ́ín dání nínú ike, òun náà á gbé tíì kalẹ̀ fún wa. Òórùn ọṣẹ àti gáàsì ló máa ń wà nínú yàrá rẹ̀. Màmá ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju "tánkíù" lọ, òyìnbó ò gbọ́ Yorùbá rárá. Èmi ni ògbufọ̀ wọn, bísíkíìtì lowó iṣẹ́ mi.

Ara ògiri lókè tẹlifíṣọ̀n ni fọ́tò náà wà tẹ́lẹ̀. Bàálù ogun kan ló já lu òrùlé ilé, imú rẹ̀ wọnú yàrá, ìrù rẹ̀ nà sókè. Ọlọ́pàá kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, àwọn aládùúgbò ń wò. Lọ́jọ́ tí Màmá jí i gan-an ni wọ́n ní kí n béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyá òyìnbó ní ilé òun ni, nígbà ogun àgbáyé kejì. Ọmọ òun ọkùnrin, ọmọ ọdún méjì, ń sùn nínú yàrá yẹn. Òun jáde lọ ra búrẹ́dì ni. Mo túmọ̀ rẹ̀ wéréwéré bí ẹni ń ka iṣẹ́ àṣetiléwá. Màmá gbé ife sílẹ̀, wọn ò mu tíì náà mọ́.

Ẹ mọ àṣà wa. Bí ọmọ bá kú lójú ìyá rẹ̀, kíá ni ẹbí á kó aṣọ rẹ̀, bàtà rẹ̀ àti fọ́tò rẹ̀ kúrò nílé, kí ojú abiyamọ má baà máa bá a pàdé.

"Kò lẹ́nìkan ni," ni Màmá ń wí bí wọ́n ṣe ń ti fọ́tò náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Inú ń bí wọn gan-an. "Láti ọjọ́ yìí wá, kò sẹ́ni tó bá a gbé e kúrò níbẹ̀. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe èèyàn nìyẹn?"

Lọ́jọ́ kejì, ilẹ̀kùn ìyá òyìnbó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ó ti wọ́ tẹlifíṣọ̀n kúrò lára ògiri, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ìwé ìròyìn, omi ń dà lójú rẹ̀. Ó bẹ̀ wá ká bá òun wá fọ́tò òun. Ó ní gbogbo fọ́tò ọmọ náà jóná, kò ku ẹyọ kan. Àmọ́ nínú ti bàálù yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ẹ̀wù rẹ̀ mẹ́ta ṣì wà lórí okùn tí òun sá wọn sí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ohun tó kù fún òun nìyẹn. Lọ́tẹ̀ yìí, díẹ̀díẹ̀ ni mo túmọ̀ rẹ̀, torí ojú ń tì mí.

Màmá dìde. Wọ́n gòkè lọ, wọ́n sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé fọ́tò náà wá. Wọ́n kúnlẹ̀. "Sọ fún un pé èmi ni. Sọ pé mi ò mọ̀."

Mo rò pé ìyá òyìnbó yóò pe ọlọ́pàá. Ó kàn sún ìwé ìròyìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí Màmá lè ráyè jókòó, ó sì nàka sí àwọn ẹ̀wù náà. Ẹ̀wù kọ̀ọ̀kan ò ju ẹyọ ìrẹsì lọ. Màmá tẹjú mọ́ wọn.

"Wọ́n kó ti ọmọ tèmi náà lọ," ni wọ́n wí. "Kí n tó bí bàbá rẹ ni. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ mọ́. Ojú rẹ̀, mi ò rántí ẹ̀ mọ́."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Ìyá òyìnbó ní kí n béèrè orúkọ ọmọ náà. Màmá kọ́kọ́ bojú wẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó dárúkọ náà. Mo sọ ọ́ fún ìyá òyìnbó, kò lè pè é dáadáa. Mo kọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, títí ó fi pè é gún. Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń sunkún. Èmi mú bísíkíìtì.

Àwọn méjèèjì ti kú. Àárò Màmá ń sọ mí débi pé tí mo bá gbọ́ òórùn gáàsì nílé onílé, n óò dúró díẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, mo bi bàbá mi léèrè. Wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé ọmọ kankan ṣáájú àwọn. Kò sí àgbà kankan tó kù ní Abẹ́òkúta tó lè mọ̀. Ẹnu mi ni orúkọ náà gbà kọjá, èmi gan-an ni mo kọ́ òyìnbó bí wọ́n ṣe ń pè é, mo sì ti gbàgbé rẹ̀.