Pọ́tákọ̀, Ìlú Ọ̀wọ́n Tí Mo Fẹ́ Kúrò Nínú Ẹ̀

Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ já okùn bélì aṣọ òkìrìkà, òórùn kan wà tó máa ń jáde nínú ẹ̀, òórùn káńfọ̀ àti ti àpótí tó ti pẹ́ ní títì, tí kì í tètè kúrò nímú èèyàn. Òórùn yẹn ni mo kọ́kọ́ mọ̀ ní Pọ́tákọ̀, kí n tó mọ ọ̀nà, kí n tó mọ èèyàn kankan. Ọdún tí àwọn ṣọ́jà gbé ìjọba sílẹ̀ fún àwọn alágbádá ni mo dé ìlú náà láti Ògbómọ̀ṣọ́, ìyàwó tuntun, pẹ̀lú báàgì Ghana-must-go kan àti ọkọ tó ń ṣe iṣẹ́ réwáyà, tó ń tún iná mọ́tò ṣe ní ẹ̀bá títì Choba. Ọkọ mi sọ fún mi pé ọdún méjì péré la máa lò. Ká ṣiṣẹ́, ká kówó jọ, ká kọ́lé sí Ògbómọ̀ṣọ́, ká padà sílé. Ẹ wò ó, mo gbà á gbọ́! Mi ò tiẹ̀ kó gbogbo aṣọ inú báàgì yẹn jáde. Mo ní kí ni mo fẹ́ máa tú u fún, nígbà tí a ò ní pẹ́ lọ.

Owó ilé ló kọ́kọ́ là mí lójú. Yàrá kan ṣoṣo, nínú ilé tí gbogbo ayálégbé ti jọ ń du ilé ìwẹ̀ kan, lánlọ́ọ̀dù ní ká san tọdún méjì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ká san ti ajẹ́ńtì, ká tún san owó àdéhùn, bẹ́ẹ̀ mi ò rí ẹni tó bá wa dá àdéhùn kankan. Mo pariwo pé, "Háà! Ṣé a ń ra ilé náà ni?" Ọkọ mi ṣẹ́jú sí mi pé kí n dákẹ́. Owó yẹn á gba odindi ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́, á sì tún ṣẹ́kù tá a máa fi jẹun. Oúnjẹ ńkọ́? Iṣu tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn nílé wa láìgba kọ́bọ̀, àfi kí n dúró tì í lọ́jà Oil Mill, kí n máa yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni ń wo ọmọ tuntun, kí n tó mú ẹyọ kan. Tí mo bá sì ná an bí ará ilé, ẹni tó ń tà á á ní, "Madam, na oil city you dey o." Epo wo? Ilé ìfọpo wà ní Alesa lọ́hùn-ún lóòótọ́, àmọ́ kẹrosíìnì tí mo fi ń dáná kò fìgbà kan dínwó fún mi nítorí pé a jọ ń gbé ìpínlẹ̀ kan náà. Olúwa ló mọ ibi tí owó epo náà ń gbà lọ.

Àmọ́ kí n má parọ́ mọ́ ìlú onílùú, ọjà ń tà níbẹ̀. Ọkọ mi bá mi wá àyè kékeré kan nínú ọjà, mo bẹ̀rẹ̀ sí ta aṣọ òkìrìkà. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú tí ọjà bá kún, n kì í rí àyè jókòó. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ Píjìn, mo sì ń pariwo bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀: "Customer, come see first grade! E no get part two!" Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Choba á ya bò mí, wọ́n á máa fi ṣẹ́ẹ̀tì wọn ara wọn lójú ọ̀nà, wọ́n á sì rà á láìjẹ́ kí ẹnu mi gbẹ. Nílé wa, ẹni tó fẹ́ ra ẹyọ síkẹ́ẹ̀tì kan á kí mi, á béèrè ìyá mi, á yẹ̀ ẹ́ wò, á ní òun ń bọ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀. Àwọn èèyàn Pọ́tákọ̀ náà ò burú. Ìyá kan, ará Ikwerre, tó ń gbé yàrá tó tẹ̀lé tiwa, ló ń bá mi wẹ ọmọ mi obìnrin nígbà tí mo bí i, tí kò sí ẹbí kankan nítòsí. Ẹja tútù tí ìyá yẹn máa ń gbé fún mi, títí dòní mi ò tíì jẹ irú ẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Torí náà, tí mo bá bú Pọ́tákọ̀ láàárọ̀, màá yìn ín nírọ̀lẹ́ tí mo bá tajà dé. Ọkàn mi ò dúró sójú kan.

Àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ tá a wà níbẹ̀ ní àṣà kan. Ohun tó bá dáa, ilé là ń fi í ránṣẹ́ sí. Tá a bá ṣe mítìn, kò sẹ́ni tó máa bi ẹ́ pé báwo lo ṣe ń sùn ní Pọ́tákọ̀. Ohun tí wọ́n á bi ẹ́ ni pé ilé ẹ ti dé ibo, ṣé o ti kan páànù. Ẹni tó bá ra bẹ́ẹ̀dì gidi sínú yàrá tó háyà, wọ́n á máa wò ó bí ẹni tó ti gbàgbé ọ̀nà ilé. Nígbà tí ilé wa parí, yàrá méjì àti pálọ̀, a ra bẹ́ẹ̀dì onígi tó nípọn, pẹ̀lú mátírẹ́ẹ̀sì tí ọ̀rá ń dán lára ẹ̀. A dì í sẹ́yìn tírélà, ó di Ògbómọ̀ṣọ́. A ra fíríìjì, Ògbómọ̀ṣọ́. A ra àga, Ògbómọ̀ṣọ́. Àwa fúnra wa ń sùn lórí fóòmù tá a tẹ́ sílẹ̀, tí òjò bá sì rọ̀ tí omi wọlé, a ó gbé e ka orí tábìlì, a ó jókòó máa wo ara wa. Inú wa sì ń dùn, ẹ gbọ́! A rò pé ọgbọ́n là ń ta.

Màmá mi la ní kó máa gbé inú ilé náà. Bàbá mi ti kú tipẹ́, nínú gbogbo ọmọ tí Màmá sì bí, èmi nìkan ni Ọlọ́run dá sí fún un. Mo ti ṣèlérí pé n óò padà wá bá a gbé, pé kò ní nìkan darúgbó. Ìlérí yẹn ni kì í jẹ́ kí n sinmi. Gbogbo ìgbà tí lánlọ́ọ̀dù bá ti fi kún owó ilé, màá ní ó tó gẹ́ẹ́, màá bẹ̀rẹ̀ sí di ẹrù. Tí bélì tó dáa bá tún wọlé lọ́sẹ̀ kejì, màá tú ẹrù. Nígbà tí fóònù alágbèéká dé, tí mo bá pe Màmá, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa bi mí: "Ṣé ẹ ti ń múra?" Màá ní, "A ti ń múra, Màmá." Kì í ṣe irọ́, kì í sì í ṣe òótọ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí n óò pe nọ́ńbà yẹn, tó jẹ́ pé ẹlòmíì ló máa gbé e.

Ọkọ mi ní tiẹ̀ kì í kánjú. Ẹni tó ní ọdún méjì péré la máa lò, òun àti ìlú náà ti mọwọ́ ara wọn.

"Dádì, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé," mo ní. "Lánlọ́ọ̀dù ló ń jẹ gbogbo owó tá à ń pa níbí."

"Ká délé ká máa jẹ kí ni?" ó ní, kò tiẹ̀ gbójú sókè nínú ẹ̀bà tó ń jẹ. "Mọ́tò tí mò ń tún ṣe lọ́sẹ̀ kan níbí, mi ò lè rí i tún ṣe lóṣù kan lọ́hùn-ún."

"Màmá mi ńkọ́?"

"Màmá ń bẹ nínú ilé tuntun, wọ́n ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì ńlá. Ìwọ tó ò ń sùn nílẹ̀ ni kó o káàánú ara ẹ."

Inú bí mi, mo gbé abọ́ ọbẹ̀ kúrò níwájú ẹ̀.

Nígbà tó yá, èéfín dúdú kan bẹ̀rẹ̀ sí bọ́ sórí ìlú bí eruku. Èèyàn á gbálẹ̀ láàárọ̀, tó bá fi máa di ọ̀sán, àtẹ́lẹsẹ̀ á ti dúdú. Àwọn kan ní ibi tí wọ́n ti ń fọ epo jíjí nínú igbó ló ti ń wá, àwọn mìíràn ń sọ ohun mìíràn. Èmi ò mọ̀ ju pé gbogbo aṣọ funfun tí mo bá so kọ́ ló ń di aláwọ̀ eérú kí oníbàárà tó dé, ọmọ mi sì ń wúkọ́ ṣáá. Mo ní ó tán! Ká máa san owó tó tó báyìí, ká tún máa fi imú fa èérí! Mi ò dúró de Iléyá tá a máa ń lọ sílé. Mo wọ ọkọ̀ láìsọ fún Màmá, mo ní mo fẹ́ lọ wá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ kí n tó padà wá kó ọkọ àti ọmọ mi.

Ọ̀sán gangan ni mo wọlé. Wọn ò ti ilẹ̀kùn. Màmá mi ń sùn lórí ẹní nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi apá ṣe ìrọ̀rí, ó ká jọ bí ọmọdé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tá a ní kó máa gbádùn! Mo ṣí yàrá. Bẹ́ẹ̀dì náà wà níbẹ̀, Màmá ti gbá abẹ́ ẹ̀ mọ́ tónítóní. Ọ̀rá ara mátírẹ́ẹ̀sì, tá a máa ń bọ́ tá a bá wá ṣe Iléyá, ó ti fi wọ̀ ọ́ padà, ó sì fi okùn dì í.

"Màmá, kí lẹ̀ ń ṣe nílẹ̀?"

Ó jí, ó rí mi, ó fò dìde. "Yéè! Ọmọ mi! Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Mo ní kí lẹ̀ ń ṣe nílẹ̀, nígbà tí bẹ́ẹ̀dì wà?"

"Mò ń tọ́jú ẹ̀ dè yín ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jìyà kẹ́ ẹ tó rà á, kí n wá máa nà gbalaja sórí ẹ̀?"

"Àwa náà ò sùn lórí bẹ́ẹ̀dì. Ilẹ̀ là ń sùn."

"Ilẹ̀ ibo?"

"Ní Pọ́tákọ̀, Màmá. Fóòmù la tẹ́ sílẹ̀."

Ó wò mí títí. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ibẹ̀ ni ẹkún ti gbọ̀n mí. Gbogbo wa la wà nílẹ̀ látọdún wọ̀nyí, bẹ́ẹ̀dì nìkan ló ń rí ibi dáadáa sùn nínú ẹbí wa.

Mo lo ọ̀sẹ̀ kan nílé, mò ń wá ṣọ́ọ̀bù. Ẹ má wulẹ̀ bi mí. Ibi tí mo bá dúró sí, títì á dá páro. Ẹni tó bá sì kọjá, ìkíni ló bá dé, kò bá tọjà wá. Ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yún mi. Ariwo Oil Mill ń ta mí létí, èmi tí mo ti ń bú u láti ọjọ́ tí mo ti dé ibẹ̀! Nígbà tó ku ọ̀la kí n padà, mo jókòó ti Màmá, mo ń fi ọ̀rọ̀ rìn yíká, mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ pé kò ní ṣeé ṣe. Ló bá bọ́ lẹ́nu mi: "Màmá, ṣé ẹ lè bá mi ká lọ sí Pọ́tákọ̀?" Mo ti ń múra ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. Màmá dìde, ó lọ gbé báàgì.

"O ò bi mí rí," ó ní. "Ojoojúmọ́ lò ń sọ pé ò ń bọ̀, ò ń bọ̀. Mo rò pé kò sáyè fún mi níbẹ̀ ni."

Ọkọ mi ló lọ ra bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ àwọn káfíńtà ẹ̀bá títì Choba, kí Màmá tó dé. A gba yàrá kan mọ́ tiwa, owó ilé sì lé sókè bí kò ṣe lé rí. Lọ́jọ́ mítìn, àwọn ará ilé ń wò wá tìyanu-tìyanu. Màmá ò rí tiwọn rò. Tó bá bá mi dé ọjà, á bu ẹ̀wà sọ́wọ́, á ní, "Ṣé góòlù ni wọ́n fi ń bomi rin èyí ni?" Ẹni tó ń tà á á ní, "Mama, wetin you talk?" Màmá á fi Yorùbá dá a lóhùn, ẹni yẹn á fi Píjìn fèsì, wọ́n á sì jọ ná an títí wọ́n á fi tà á láìsí ògbufọ̀. Ọmọ mi tó jẹ́ Píjìn nìkan ló mọ́ ọn lẹ́nu, ẹnu Màmá ló ti kọ́ Yorùbá tó fi lè kí àgbà bó ṣe yẹ. Àmọ́ èéfín yẹn ò tíì tán, oúnjẹ ò wálẹ̀, iná ò dúró. Kò pẹ́ tí ara tún fi bẹ̀rẹ̀ sí ta mí. Lọ́jọ́ kan tí lánlọ́ọ̀dù tún wá kan ilẹ̀kùn wa, mo ní, "Màmá, tí ọmọ yìí bá ti jáde ìwé mẹ́wàá, gbogbo wa la jọ ń padà sílé."

Ó ń já ewé ugú, kò wojú mi. "Ta lo fẹ́ lọ bá níbẹ̀?" ó ní.

Mo lọ ṣí ilẹ̀kùn fún lánlọ́ọ̀dù.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, Màmá kírun àárọ̀ tán, ó ní ó rẹ òun díẹ̀, ó padà lọ sùn, kò sì jí mọ́. Àwọn ẹbí ń pè láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé ká gbé e wá sílé. Ọ̀nà jìn, ẹ̀rù àwọn ajínigbé ń bani lójú ọ̀nà, lémọ́ọ̀mù wa sì ní òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, a ti sin ín sí itẹ́ òkú Mùsùlùmí ní Pọ́tákọ̀. Ìyá Ikwerre yẹn tẹ̀lé wa dé ẹnu ọ̀nà itẹ́, ó ń sunkún bí ẹni pé ìyá tiẹ̀ ni. Ó dùn mí wọra. Àmọ́ mo dúpẹ́ pé kì í ṣe orí fóònù ni mo ti gbọ́ ọ.

Ní báyìí, ọkọ mi ló wá ń dààmú. Ojú ẹ̀ ò rí wáyà dáadáa mọ́. Tó bá ti jí, á ní ká máa lọ sílé: ilé wa ṣófo, omi kànga ń bẹ, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ mọ́, owó tá a fi ń jẹun lójúmọ́ kan níbí á gbọ́ bùkátà ọ̀pọ̀ ọjọ́ lọ́hùn-ún. Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ẹnu èmi gan-an ló ti kọ́ ọ. Ọmọ wa ti lọ́kọ, ó wà ní Àbújá. Bí mo bá fi ọ̀wọ́n ìlú yìí wé tilé, ilé ló ń borí ní gbogbo ìgbà, mi ò lè jiyàn. Síbẹ̀, n kì í lè jókòó tó bá ti dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Màá máa gbé nǹkan kúrò níbí, màá máa gbé e sọ́hùn-ún. Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń lọ sí itẹ́. Òjò ìlú yìí kì í jẹ́ kí koríko sinmi. Tí mo bá fi lè pa ọ̀sẹ̀ méjì jẹ, màá wá ibi tí Màmá wà kí n tó rí i.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkọ mi tún bẹ̀rẹ̀. Mo jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Dádì," mo ní, "tá a bá lọ, ta ni á máa bá Màmá tu koríko?"

Ó dé fìlà, ó wọ bàtà, ó lọ bá lánlọ́ọ̀dù san owó ọdún tó ń bọ̀.