Jìtá Béèsì Tó Ti Dákẹ́

Ẹni tó ń tún jìtá ṣe jẹun, tó wá ń gbàdúrà pé kí àrùn wà lára jìtá, ojú ń pọ́n olúwarẹ̀ nìyẹn. Bí ọ̀rọ̀ Elétí Ehoro ṣe rí gan-an nìyẹn lọ́jọ́ Jímọ̀ tí mò ń sọ yìí. Àwọn olórin ló sọ ọ́ lórúkọ náà, torí kò sí ariwo tó lè sá pamọ́ sínú irinṣẹ́ orin kí ó má gbọ́ ọ. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń fi etí jẹun. Òfin kan ló sì wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: oníbàárà kan kì í dán jìtá wò níbẹ̀. Òun nìkan ni yóò tilẹ̀kùn, òun nìkan ni yóò gbọ́, bí ó bá sì ti ní ó dákẹ́, ọ̀rọ̀ parí.

Ṣùgbọ́n ó ti tó oṣù méjì tí nǹkan ti ń kùn létí rẹ̀, hùùù, lọ́sàn-án lóru. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Lónìí á ní fìríìjì ilé kejì ni, lọ́la á ní wáyà iná ojú pópó ni. Ẹ̀rù ń bà á débi pé kò fẹ́ jókòó síbi tó bá dákẹ́ mọ́.

Nítorí náà, nígbà tí Oníbéèsì, oníbàárà rẹ̀ láti ogún ọdún, gbé jìtá béèsì rẹ̀ wá láàárọ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ó ń kùn o, ọ̀la la sì fẹ́ gba orin sílẹ̀," inú Elétí Ehoro dùn bí ẹni tó rí nǹkan he. Ẹlòmíràn náà ti gbọ́ kíkùn! Bí òun bá lè rí ibi tó ti ń wá, tí òun sì pa á, a jẹ́ pé kò sí nǹkan tó ṣe etí òun.

Ó tilẹ̀kùn. Ó pa fáànù, ó pa gílóòbù gígùn tó wà lókè àjà, ó gbé fóònù rẹ̀ síta. Ó pààrọ̀ wáyà tó ti ara jìtá lọ sínú áńpù, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn rẹ̀ sókè. Ó ṣì ń kùn. Ó yí bọ́tìnnì ohùn ara jìtá wálẹ̀ pátápátá, ariwo náà rẹlẹ̀, kò kú tán. "Ara jìtá ló wà," ó ní. Ìyókù tí kò kú, ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ọ.

Ó fọwọ́ kan irin tí okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin so mọ́. Bí wáyà áàtì, èyí tó ń fa ariwo iná wọlẹ̀ lọ, bá pé, kíkùn máa ń lọ sílẹ̀ ní kété tí èèyàn bá fọwọ́ kan irin yẹn. Kò lọ sílẹ̀. Ó tú irin náà, ó sì rí i: wáyà áàtì ti dípẹtà, ó ti já sábẹ́ ibẹ̀. Elétí Ehoro rẹ́rìn-ín sókè. "Ìwọ olè yìí! Ọwọ́ ti bà ẹ́!" Ó ha ìpẹtà kúrò, ó fi áyọ̀n gbígbóná jó léèdì sí i, ó dì í padà, ó sì tan áńpù.

Hùùù.

Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, tó ń ránṣọ ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, yọjú. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Ìbejì. Ariwo yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ mi lórí láti àárọ̀. Ọpẹ́ ni pé ó ti dákẹ́."

"Kí ló dákẹ́?"

"Jìtá náà ni. Àbí ẹ ò gbọ́ pé ó ti dákẹ́ ni?"

Ẹ wò ó, ibẹ̀ ló yẹ kó ti gbà, kí jìtá olójìtá là, kí òun sì jókòó sunkún etí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í gbàmọ̀ràn. "Kí ni ìwọ mọ̀ nípa jìtá?" ó jágbe mọ́ ọn. "Ẹ̀rọ ìránṣọ ti dí ẹ létí!" Ìyá Ìbejì pa ilẹ̀kùn dé jẹ́jẹ́.

Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ó tún gbogbo léèdì inú jìtá jó. Ó fi bébà fóìlì tẹ́ inú ihò rẹ̀. Ó ṣì ń kùn. Nígbà tó fi máa di agogo mẹ́rin, ó ku mágínẹ́ẹ̀tì nìkan, èyí tó ń gba ohùn lábẹ́ okùn, tí wọ́n fi wáyà tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun orí lọ wé lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ pé ẹni tó bá ṣí i láìnídìí, àpànìyàn ni. Ó ṣí i. Ọ̀bẹ kékeré yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wáyà náà sì já nínú lọ́hùn-ún, níbi tí èèyàn kò ti lè rí orí rẹ̀ mú mọ́. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Jìtá kò fọhùn mọ́ nínú áńpù, síbẹ̀ hùùù náà ṣì ń kùn létí rẹ̀.

Oníbéèsì dé tẹ̀rín-tẹ̀rín. Elétí Ehoro gbé jìtá náà lé e lọ́wọ́. "Dán an wò," ó ní. Ẹnu ya Oníbéèsì, torí kò gbọ́ irú rẹ̀ rí ní ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ó ta okùn. Ó tún un ta.

"Ẹ̀gbọ́n, kò fọhùn rárá."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo bà á jẹ́. Ó ti dáa láti ọ̀sán, mi ò gbọ́ pé ó dáa ni. Etí mi ló ń kùn, àbúrò. Ó ti tó oṣù méjì."

Oníbéèsì jókòó. Ó fẹ́ bínú, kò mọ ibi tí yóò bínú sí. Ó bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Jìtá mélòó lẹ ti tú láti oṣù méjì?"

"Mẹ́sàn-án."

Elétí Ehoro kò sì mọ èwo nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló ṣàìsàn lóòótọ́. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. Ìyá Ìbejì ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ta ni kí n wá gbé e lọ bá báyìí?" ni Oníbéèsì wí. "Ọ̀la ni o, ẹ̀gbọ́n."

Ní òdìkejì títì, ọkùnrin kan wà tó ń tún rédíò ṣe. Ọdún mẹ́wàá gbáko ni Elétí Ehoro ti ń sọ fún oníbàárà gbogbo pé ọkùnrin náà kò mọ ìyàtọ̀ láàárín orin àti jẹnẹrétọ̀. Ó dìde, ó ki jìtá náà bọ inú àpò rẹ̀, ó fa síìpù rẹ̀ dé òpin, ó sì nà án sí Oníbéèsì.

"Gbé e sọdá," ó ní. "Kó bá ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì mìíràn sí i. Ó mọṣẹ́. Sọ fún un pé èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀."